Ìmọ́lẹ̀ Láàárín Káfíńtà àti Jórinjórin

Mùfúlíátù gbà pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló gé ìka bàbá òun. Àwọn yòókù ní ayùn ni.

Ṣọ́ọ̀bù Sùlàímọ́nù bàbá rẹ̀ wà ní àgbàlá àwọn káfíńtà kan lójú ọ̀nà tó jáde láti Kuje. Páànù ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀, páànù náà ni wọ́n fi bò ó lórí, kò sì ní fèrèsé kankan, nítorí náà inú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn bí inú ìkòkò lọ́sàn-án gangan. Gílóòbù kan ṣoṣo tó so mọ́ òkè ti jó tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ìpẹtà ti jẹ páànù kan, ihò ńlá sì ti là sí i. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á gba ibẹ̀ wọlé gbọnrangandan, á lọ bá ẹni tó bá dúró nídìí ẹ̀rọ ayùn lójú.

Ní ọdún 2012, Mùfúlíátù wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ó wálé fún ìsinmi, Àlímátù ìyá rẹ̀ sì ní kó gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ń la pákó apá kan tó nípọn. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ti pákó náà sẹ́nu ayùn. Oòrùn bọ́ sí i lójú. Mùfúlíátù rí i tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gbọ́ tí ohùn ayùn yí padà, tó lọ sílẹ̀, bí ìgbà tó bá kan igi tútù.

Sùlàímọ́nù kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó ń wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sára pákó, ó fọ́n dé ojú ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mùfúlíátù ju abọ́ sílẹ̀, ó já ìbòrí orí rẹ̀, ó fi di ọrùn ọwọ́ bàbá rẹ̀ pinpin, ó tì í sórí ọ̀kadà, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbá a mú títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Ìka mẹ́ta ló gé bọ́ sínú lẹ́búlẹ́bú igi. Nígbà tí ẹnìkan padà lọ wá wọn, kò rí nǹkan kan mọ́. Ajá pọ̀ ní àgbàlá náà.

Sùlàímọ́nù kò fìgbà kan jẹ́ oníwà tútù. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti wá, wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjàǹbá yìí, ó wá burú sí i. Kò lè di òòlù mú dáadáa, àwọn oníbàárà ń gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, ọwọ́ òsì tó kù ni ó sì fi ń lu ará ilé. Ó fi bàtà fọ́ ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Ó gbá Àlímátù létí nítorí iyọ̀ tó pọ̀ lọ́bẹ̀, etí náà sì wú bí ẹ̀wà tó rẹ lómi. Lọ́jọ́ yẹn, Mùfúlíátù gbé ọmọ odó, ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì.

"Bàbá, ẹ má tún nà wọ́n mọ́."

Sùlàímọ́nù wo ọmọ odó, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dùn létí, ó sì bọ́ síta. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ dúpẹ́. Ó ní, "Gbé e sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ dà bíi bàbá rẹ ni?"

Ó dùn ún, nítorí pé òótọ́ wà níbẹ̀. Mùfúlíátù ti fi ẹ̀ṣẹ́ ká eyín ọmọkùnrin kan ní sẹ́kọ́ńdírì. Ní yunifásítì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í jókòó sórí àga rẹ̀. Ó ga, apá rẹ̀ le nítorí pákó tó ti ń bá bàbá rẹ̀ gbé láti kékeré, inú sì tètè máa ń bí i. Ìbínú rẹ̀ kì í pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kì í lọ lásán.

Nígbà tó di ọdún 2014, ó wọ kíláàsì Ọ̀gbẹ́ni Festus, ọmọ Ẹ̀kìtì kan tó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láti wá máa kọ́ni. Gbogbo iléèwé ló mọ̀ pé Ọ̀gbẹ́ni Festus kì í bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí kò bá dára. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ilé kékeré tó fi páálí kọ́ wá sórí tábìlì, tí kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbé e sílẹ̀, á fi bàtà tẹ̀ ẹ́ fọ́. Àwọn ọmọ máa ń sunkún. Ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ táàmù, ó dúró láàárín sítúdíò, yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán, ó ní:

"Ẹ wá iṣẹ́ méjì tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Ẹ kó wọn sábẹ́ òrùlé kan. Kí n tó rí ògiri yín, mo fẹ́ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ohun tó kọ́kọ́ bà lé, àti ẹni tó máa rí i."

Mùfúlíátù kò ní láti ronú. Ní àgbàlá bàbá rẹ̀, apá kan jẹ́ ti káfíńtà, apá kejì jẹ́ ti jórinjórin. Ilẹ̀ gbọọrọ kan wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni kò lè lò, nítorí pé àwọn méjèèjì ń pè é ní tiwọn. Iná tó ń ta yàà láti ẹnu irin ti jó pákó àwọn káfíńtà rí, àwọn káfíńtà náà ti gé wáyà iná àwọn jórinjórin rí. Orí ti fọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní ibẹ̀ ni òun máa ṣe.

Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Hadassah, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó dàgbà sí Gwarinpa. Hadassah gbọ́ Yorùbá ju bó ti ń sọ ọ́ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dára gan-an nídìí àwòrán, ó sì fẹ́ràn gíláàsì. Ó ya gbọ̀ngàn ńlá kan tí ara rẹ̀ jẹ́ gíláàsì láti ilẹ̀ dé òkè, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí ìrọ̀lẹ́ lè máa tàn sórí ilẹ̀ rẹ̀ bí wúrà.

"Ìyẹn máa pa ènìyàn," Mùfúlíátù wí fún un.

"Ó rẹwà."

"Mo ní ó máa pa ènìyàn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò yẹ kó rí ojú ẹni tó ń lo ayùn."

Hadassah ní kò sí ẹni tó ní kí Mùfúlíátù máa pàṣẹ lórí gbogbo nǹkan. Ó na ọwọ́ láti gba àwòrán náà padà. Mùfúlíátù tì í. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé páálí wà lọ́wọ́ Hadassah, bó sì ti ṣubú lu tábìlì, ọ̀bẹ náà la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti ìdí àtàǹpàkò dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo àwòrán náà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rù ba Mùfúlíátù. Ó tún já ìbòrí, ó tún di ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní kílíńíìkì iléèwé, bí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ rán ọwọ́ Hadassah, ó sọ ti ìka bàbá rẹ̀ fún un, ti ihò ara páànù, ti ajá inú àgbàlá. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Hadassah gbọ́ ọ tán. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́. Ó ní, "Kí ló dé tí ìwọ kò sọ èyí kí o tó tì mí?"

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ gidi. Wọ́n fi páálí ṣe gbọ̀ngàn kékeré, wọ́n gbé e síta nínú oòrùn, wọ́n lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi ojú kan wo inú rẹ̀. Wọ́n gé òrùlé rẹ̀ ní oríṣiríṣi. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe é ní eléyín bí ẹnu ayùn, ojú eyín gbogbo ṣí sílẹ̀ sí àríwá, ẹ̀yìn wọn tó dí sì kọjú sí gúúsù. Nígbà náà ni wọ́n rí i: oòrùn kò wọlé mọ́, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń wọlé, ó tẹ́jú lórí ilẹ̀ páálí náà, kò sí ibi tó ti ń gún ojú. Hadassah kò yọ ojú kúrò nídìí ihò náà fún ìgbà pípẹ́. Mùfúlíátù kò rọ̀ ọ́ láti yára.

Ògiri ló ṣòro. Wọ́n fi bíríkì amọ̀ tó nípọn sí àárín, kí iná má lè ta láti ọ̀dọ̀ àwọn jórinjórin dé ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà, ṣùgbọ́n wọ́n dá lúfà onípákó, pákó pẹlẹbẹ tí àyè wà láàárín wọn, sí òkè rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ máa kọjá. Ní ìparí ògiri náà ni wọ́n fi ibi ìpàdé sí, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì gígùn kan, níbi tí ẹni tó kan ilẹ̀kùn àti ẹni tó jó férémù rẹ̀ ti lè so wọ́n pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Festus yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú sí ihò. Kò tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ó ní kí wọ́n wá bí wọ́n á ṣe kọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní àgbàlá náà gan-an, ó sì lọ bá iléèwé sọ ọ́ títí wọ́n fi gbà.

Olórí àwọn jórinjórin ni Màmúdù, ọmọ Ìlọrin, ọkùnrin dúdú kan tí iná ti jó irun ojú rẹ̀ kúrò. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Hadassah ní, "Bàbá, o káàárọ̀." Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Màmúdù náà rẹ́rìn-ín. Àfàìmọ̀ kó jẹ́ pé ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. Ó ní tí àwọn káfíńtà bá gbà, òun náà gbà.

Àwọn káfíńtà gbà, àfi Sùlàímọ́nù. Ó wo àwòrán òrùlé náà, ó ní, "Ṣé eyín ayùn lo tún fẹ́ gbé lé mi lórí?" Ó pẹ̀yìn dà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ bíríkì, ó gbé àpótí wá jókòó sí ẹ̀bá ibẹ̀, ó ń wo wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ó dìde, ó gba lúfà kan lọ́wọ́ káfíńtà kan tó ń fi wàdùwàdù ṣe é, ó fi ọwọ́ òsì fá a, ó fi orúnkún dì í mú. Ó pẹ́ kó tó parí rẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó tún wá ṣe òmíràn. Títí wọ́n fi kan òrùlé náà, òun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú lúfà náà, kò sì lu ẹnikẹ́ni nílé ní gbogbo àsìkò yẹn. Àwọn jórinjórin ló jó irin igun òrùlé pọ̀. Anwar, àbúrò Màmúdù, ló ń gun òkè, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń kọrin bí iná ti ń ta lójú rẹ̀. Ó máa ń pe Sùlàímọ́nù ní Bàbá Lúfà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹun pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì náà, àwọn tí wọ́n ti fọ́ ara wọn lórí.

Apá kan péré ni owó iléèwé ká. Ìwọ̀nba káfíńtà àti ìwọ̀nba jórinjórin ló ríbi dúró sí nínú rẹ̀. Àwọn tó kù ṣì wà lábẹ́ páànù àtijọ́, wọ́n ń wo àwọn tó wà nínú ìmọ́lẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nígbà tí ọyẹ́ ti dé. Ọ̀kan nínú àwọn jórinjórin tí kò ríbi dúró sí ń jó géètì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà. Atẹ́gùn gbé iná tó ń ta náà, ó jù ú sínú èérún pákó. Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, ṣọ́ọ̀bù Sùlàímọ́nù ti ń jó. Ọkùnrin tó fa iná náà ju irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sá wọ inú ọjà.

Àwọn káfíńtà kò tilẹ̀ wá omi. Wọ́n kọ orí sí ọ̀dọ̀ àwọn jórinjórin. Mùfúlíátù àti Hadassah wà ní ibi bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rìn lórí ilẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìró páìpù irin lórí egungun ènìyàn, ìró tí ẹni tó bá gbọ́ ọ rí kò lè pè ní nǹkan mìíràn. Ọkùnrin kan já wọlé, ó di ojú rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ẹni tó ń lé e fi igi là á lẹ́yìn, ó ṣubú lé bẹ́ǹṣì. Òkò ń fọ́ lára ògiri. Ọ̀kan bá Hadassah níwájú orí, ó sì wọ́lẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ẹnìkan ń kígbe "Kai, kai" láìdákẹ́, bí ẹni tó ń lé ẹran. Àwọn tó ti jẹun pọ̀ láàárọ̀ ń lu ara wọn láìwo ojú. Wọ́n ń yọ bíríkì lára ògiri láti fi sọ̀kò.

Anwar kò mọ ohunkóhun nípa géètì náà. Orí òkè ló wà, ó ń kun irin. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti wá fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò nínú ìjà. Ìgbà yẹn ni Sùlàímọ́nù wọlé.

Ojú Sùlàímọ́nù pọ́n fún èéfín. Òòlù ńlá wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀, aṣọ jórinjórin nìkan ló rí. Ó gbé òòlù, ó fi lu Anwar lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, lókè etí òsì. Anwar fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra ń yọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ti inú etí rẹ̀ jáde, ó ń wo Sùlàímọ́nù bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Sùlàímọ́nù tún gbé òòlù sókè.

Mùfúlíátù pe bàbá rẹ̀. Kò gbọ́. Ó tún pè é. Bíríkì kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, ó sì fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un là á mọ́ apá òsì bàbá rẹ̀.

Apá náà dá bí pákó gbígbẹ. Òòlù jábọ́. Sùlàímọ́nù kúnlẹ̀, ó yíjú, ó rí ẹni tó lù ú. Nígbà yìí ni ó pariwo.

Àwọn ọlọ́pàá kó àwọn tí wọ́n lè kó. Anwar kò kú. Ó lo oṣù mélòó kan ní ilé ìwòsàn, ó sì jáde láìgbọ́ ohunkóhun mọ́ ní etí òsì, pẹ̀lú òòyì tó máa ń kọ́ ọ tó bá gun ibi gíga. Wọ́n gbé Sùlàímọ́nù lọ sí kóòtù pẹ̀lú píópì tí wọ́n fi di egungun rẹ̀ lápá, láti ibẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje láti dúró de ẹjọ́.

Nílé, Àlímátù kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí Mùfúlíátù bá sè, kò ní jẹ. Àwọn ẹbí pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ọmọ tó bá ṣẹ́ apá bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilé àwọn. Ọjọ́ kan, Àlímátù yanu nígbẹ̀yìn, ó ní, "Ọwọ́ kan ló kù fún un. Ọwọ́ kan ṣoṣo." Mùfúlíátù rántí etí ìyá rẹ̀ tó wú, ó fẹ́ sọ pé ọwọ́ yẹn náà ló gbá a. Ó palẹ̀ oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ kò jẹ mọ́.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn láti wo Anwar. Màmúdù bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá a létí, ó gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, ó ní kó padà sọ fún bàbá rẹ̀ pé àbúrò òun ṣì ń bì. Apá Mùfúlíátù gbóná. Ó mọ ibi tó lè gbá ọkùnrin náà tí kò ní lè dìde. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó dì wọ́n mú, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀nà àbákọjá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Nígbà tó yá, Màmúdù ń rékọjá lára rẹ̀ láìlù ú.

Ní iléèwé, àwọn méjèèjì gbé iṣẹ́ wọn kalẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò. Àpá òkò ṣì wà níwájú orí Hadassah. Wọ́n kò fi àwòrán pamọ́: gbọ̀ngàn náà pẹ̀lú èéfín lára rẹ̀, ògiri tí wọ́n yọ bíríkì lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ lórí bẹ́ǹṣì. Olùyẹ̀wò kan tó ti ìta wá ní, "Ṣé kì í ṣe pé iṣẹ́ yín yìí kùnà?"

"Iná kò wọ inú rẹ̀, sà," Mùfúlíátù dáhùn. "Ògiri náà ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Àwọn ènìyàn ló wọ inú rẹ̀."

"Kí lo máa yí padà?" Ọ̀gbẹ́ni Festus ló béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ìta, sà. A gbájú mọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa bà lé àwọn tó wà nínú rẹ̀. A kò wo ẹni tó máa dúró síta nínú èéfín tí á máa wo wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ló fa iná náà, nítorí pé kò ríbi mìíràn ṣiṣẹ́. Tí a kò bá lè kọ́ ti gbogbo wọn, kò yẹ kí a kọ́ ti díẹ̀."

Wọ́n yege. Kò sí èyí tó yọ̀ nínú wọn.

Ó pẹ́ kí Sùlàímọ́nù tó gbà kí ọmọ rẹ̀ wá wo òun. Nígbà tí wọ́dà mú un jáde, ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Wọ́n ti tú píópì, ṣùgbọ́n apá náà wọ́, kò nà tán. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, èyí tí ìka mẹ́ta ti gé kúrò lára rẹ̀ àti èyí tí kò nà.

"Ìwọ lo lù mí," ó wí.

"Èmi ni, Bàbá."

"O gbé bíríkì náà dáadáa. Ọwọ́ méjèèjì."

Mùfúlíátù wo apá tó wọ́ náà.

"Mo ti ń rò ó," Sùlàímọ́nù wí. "Níbí, kò sí nǹkan mìíràn tí ènìyàn ń ṣe. Mo ń rò ó pé kí ló dé tí o kò lù mí kí n tó lù ú lẹ́ẹ̀kíní."

"Mi ò mọ̀ pé ẹ máa lù ú ni, Bàbá. Ó ń pè yín ní Bàbá Lúfà."

Sùlàímọ́nù fi ọwọ́ tí ayùn gé bo ojú rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mùfúlíátù kò rí i kó sunkún rí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ayùn gé e, kì í ṣe lọ́jọ́ tí òun ṣẹ́ ẹ lápá. Ó fẹ́ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n wọ́dà ní àsìkò ti tó.

Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ náà ní 2015, Anwar dìde, ó ní òun kò fẹ́ bá ẹjọ́ náà lọ mọ́. Màmúdù fa aṣọ rẹ̀ pé kó jókòó. Anwar já aṣọ náà gbà. Ó ní ọkùnrin kan lu òun, ọmọ ọkùnrin yẹn ló sì jẹ́ kí òun wà láàyè, òun kò mọ bí òun ṣe máa mú ọ̀kan láìmú èkejì. Adájọ́ wò ó pé Sùlàímọ́nù ti pẹ́ látìmọ́lé, ó gbà wọ́n láyè láti parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Sùlàímọ́nù kò padà sí àgbàlá náà. Ó kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ń fi ẹnu kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Àlímátù sọ fún Mùfúlíátù lórí fóònù pé kì í lu ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ nípa ojú ọjọ́. Lẹ́yìn náà, ó béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ ti jẹun.

Ní àgbàlá náà, wọ́n fi páànù la gbọ̀ngàn sí méjì. Wọ́n sọ ibi bẹ́ǹṣì di ibi ìkó nǹkan sí. Ẹni méjì tún ti gún ara wọn níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Ní 2018, Mùfúlíátù àti Hadassah ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Gwarinpa, wọ́n sì ń kọ́ ibi ìránṣọ kan ní Kado. Lórí iṣẹ́ náà, Mùfúlíátù ṣì máa ń pariwo, àwọn bíríkìlà sì ń sá fún un, ṣùgbọ́n tí inú bá ti bí i dé ibì kan, á jáde lọ rìn yí ilé náà ká kó tó padà wọlé. Anwar ló ń ṣe irin òrùlé wọn. Kì í gun òkè mọ́. Ìsàlẹ̀ ló ti ń jó gbogbo rẹ̀, àwọn mìíràn á gbé e gòkè. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé irin àkọ́kọ́ gòkè, Mùfúlíátù rí i pé igun kan kò bá àwòrán mu. Anwar tẹ̀ sórí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kọrin. Mùfúlíátù dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní apá òsì, ó pè é. Kò dáhùn. Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ ti ń ga, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí èjìká rẹ̀ láti fà á. Ó dá ọwọ́ náà dúró. Ó rìn yí irin náà ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì pè é jẹ́jẹ́.

"Sànnu," Anwar fi Haúsá kí i, ó ṣí ìbojú rẹ̀ sókè. "Èwo ni kò tọ́?"

Ó fi hàn án.